Bí ẹ ṣe lè fi ìkarahun ìsáwùrú dín sìmẹ́ńtì kù nínú búlọ́ọ̀kù, kí búlọ́ọ̀kù má sì bàjẹ́

Tẹ́ ẹ bá ń gbé ìtòsí ọ̀sà, ẹ ti mọ òkìtì tí mò ń wí. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń se ìsáwùrú tí wọ́n ti ń yọ ẹran inú ẹ̀, ìkarahun á kún ilẹ̀ bíi kí lọ́rì méjì tú u síbẹ̀, dúdú ni, ó ń rùn, eṣinṣin ò jẹ́ kéèyàn dúró, tí òjò bá rọ̀ á wọ́ lọ dí gọ́tà. Àwọn tó ni ín gan-an ń wá ẹni tó máa bá wọn kó o. Èmi tí mò ń mọ búlọ́ọ̀kù jẹun, mo kọjá lára òkìtì kan bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta kó tó yé mi pé díẹ̀ lára nǹkan tí mò ń fowó rà nínú báàgì wà níbẹ̀.

Díẹ̀ o. Mo ti gbọ́ lẹ́nu bíríkìlà kan pé ìdajì sìmẹ́ńtì lèèyàn lè yọ kó fi ìkarahun dí i, irọ́ gbuu ni, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ tún jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àwọn ará Port Harcourt, Bayelsa àti Akwa Ibom ti ń da odidi ìkarahun ìsáwùrú sínú kọnkéré tipẹ́, dípò òkúta gíráníìtì nìyẹn. Ti ibí yàtọ̀. Lílọ̀ la máa lọ̀ ọ́ kúnná, ká wá fi rọ́pò ìwọ̀nba díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì fúnra ẹ̀.

Kí ló wà nínú ìkarahun gan-an?

Ohun tó wà nínú ìkarahun, yálà ti ìsáwùrú ni tàbí ti ọ́ísítà, ju 90 lọ nínú 100 ẹ̀ jẹ́ calcium carbonate, nǹkan kan náà tó wà nínú limestone tí wọ́n ń wà ní Ẹ̀wẹ́kọ́rọ̀ àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ fún sìmẹ́ńtì. Àmọ́ nílé iṣẹ́, wọ́n máa ń po limestone yẹn mọ́ amọ̀, wọ́n á yan án nínú iná tó tó 1,450 °C kó tó di nǹkan tó lè di mọ́ra. Ìkarahun tẹ́ ẹ kàn lọ̀ ò rí iná yẹn, torí náà kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Tẹ́ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ pò ó mọ́ omi nìkan kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, ẹrẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀.

Kí ló wá wúlò fún? Ẹ wo ìgbà tí ẹ̀wà bá kún kọ́ńgò dẹ́nu, tẹ́ ẹ wá bu gàrí lé e tẹ́ ẹ sì ń mi kọ́ńgò náà, gàrí á máa wọ àárín ẹ̀wà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkarahun tó kúnná ṣe máa ń wọ àlàfo àárín sìmẹ́ńtì, omi ò ní ráàyè tó pọ̀ níbẹ̀ mọ́, ohun tó ń di búlọ́ọ̀kù mú sì máa ń rí ara ẹ̀ lẹ̀ mọ́, díẹ̀ nínú ẹ̀ tilẹ̀ máa ń bá sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá wá pọ̀ ọ́ jù, gàrí á pọ̀ ju ẹ̀wà lọ, búlọ́ọ̀kù á sì máa rún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ rèé, ẹ lọ wo ara báàgì sìmẹ́ńtì yín. Tẹ́ ẹ bá rí CEM I lára ẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdàlù nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ CEM II/A-L, wọ́n ti po limestone bíi 6 sí 20 nínú 100 mọ́ ọn nílé iṣẹ́, tó bá jẹ́ CEM II/B-L, 21 sí 35 ti wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ń fi ìkarahun kún B-L, limestone ló tún ń bù lé limestone. Torí ẹ̀ ni ẹnì kan á fi sọ pé òun lo 15 kò sì sí wàhálà, tí ẹlòmíì á lo 10 tí búlọ́ọ̀kù ẹ̀ á máa fọ́ nínú lọ́rì. Tèmi rèé: CEM I, ẹ lè fi ìkarahun rọ́pò 10 nínú 100, kẹ́ ẹ dán 15 wò. A-L, 5 sí 10. B-L, ẹ má kọjá 5, tàbí kẹ́ ẹ kúkú fi sílẹ̀. Ẹ tún wo nọ́ńbà agbára ẹ̀, 32.5 tàbí 42.5. Láti 2014 ni ìjọba ti ní 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ló wà fún búlọ́ọ̀kù, pílà àti dẹ́kìn. Torí náà ẹ má lọ po ìkarahun mọ́ 32.5 kẹ́ ẹ wá fi mọ búlọ́ọ̀kù.

Ibi tẹ́ ẹ lè lò ó, àti ibi tẹ́ ò gbọ́dọ̀ dé

Búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń pín yàrá nínú ilé tó ní pílà, rírẹ́ ògiri, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tò sí ojú ọ̀nà àgbàlá. Ó tó. Dẹ́kìn, pílà, bíìmù, fáńdéṣọ̀n, táńkì omi, ẹ má fọwọ́ kàn án níbẹ̀, àfi tí injíníà tó mọṣẹ́ bá ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ ní láàbù tó sì fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára nìkan, iyọ̀ wà nínú ìkarahun, iyọ̀ ló sì ń jẹ irin inú kọnkéré láti inú wá, ẹ ò ní mọ̀ títí kọnkéré á fi máa ṣí bí èèpo. Ilé tó ń wó l'Ékòó ti tó, ẹ má jẹ́ ká fi tiwa kún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kíkó àti fífọ̀

Ibí yìí làwọn èèyàn máa ń fojú fò, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìkarahun pẹlẹbẹ bíi ti ọ́ísítà rọrùn láti fọ̀, ti ìsáwùrú ló le, ìdí ẹ̀ lọ́ pọ́ bíi ti òkòtó, ẹran tó ṣẹ́ kù àti ẹrẹ̀ ọ̀sà á há sínú ibẹ̀, ẹ lè fọ̀ ọ́ láàárọ̀ fọ̀ ọ́ lálẹ́ kí omi má débẹ̀ rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ́kọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí n tó fọ̀ ọ́. Màá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kọnkéré, màá da tápólì bò ó kó má bàa ta sójú, a ó wá fi igi ńlá tàbí irin yí i lórí títí á fi fọ́. Lẹ́yìn náà ni fífọ̀.

Dúrọ́ọ̀mù lẹ máa lò, ẹ da ìkarahun sí i dé ìdajì, ẹ rọ omi kànga tàbí omi bọ́ọ̀hù sí i kó bò ó, kì í ṣe omi ọ̀sà o. Ẹ rò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Omi àkọ́kọ́ á dúdú bí omi àmàlà tó jóná, á máa hó fọ́ọ̀fọ́ọ̀. Omi kẹta gbọ́dọ̀ mọ́ débi pé ẹ ó máa rí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá bu díẹ̀. Ẹni tó ní àyè sílẹ̀ lè tẹ́ ẹ síta kí òjò ọdún kan pa á, òjò á fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èèrà á sì bá yín jẹ ẹran inú ẹ̀, àmọ́ kó jìnnà sílé àwọn ará àdúgbò o, mo ti gbọ́ èébú lórí ọ̀rọ̀ òórùn yìí rí.

Ìdọ̀tí ẹran tó bá ṣẹ́ kù máa ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì pẹ́ kó tó le, iyọ̀ tó bá ṣẹ́ kù á máa jáde lára ògiri bíi ìyẹ̀fun funfun, ọ̀dà á máa ṣí. Ẹnì kan ní kí n da omi bílíìsì sí i kí òórùn lè lọ. Ẹ má ṣe é. Ohun tó wà nínú bílíìsì náà á fi kún iyọ̀ tẹ́ ẹ ń sá fún ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: sísá àti lílọ̀

Ẹ sá a sóòrùn tó mú, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kó gbẹ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n á máa dún ṣakaṣaka bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìkarahun tútù á lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata tàbí ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Á jẹ ọlọ ẹ̀ run, ẹni tó bá sì lọ èlùbọ́ tẹ̀ lé yín á fi eyín bá a lójú ọbẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Àwọn yẹn ti mọ ìkarahun tipẹ́, torí adìyẹ tó ń yé nílò ẹ̀ kí èèpo ẹyin má bàa rọ̀, ẹ̀rọ wọn olóòlù náà sì gbà á. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ti adìyẹ kì í kúnná, bíi gàrí ló máa ń rí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi irin asẹ́ tí ojú ẹ̀ kéré jù lọ sí i, kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, owó ẹ̀ á lé díẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá rí dúrọ́ọ̀mù tó ń yí tí ọta irin wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló dáa jù, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní kékeré ẹ̀ ní láàbù.

Ẹ bo imú àti ojú yín níbẹ̀. Eruku funfun yẹn kì í ṣe eré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: jíjọ̀

Ní láàbù, asẹ́ oní 75 máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà máa ń lò. Nílé, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ni mò ń lò, mo na án mọ́ férémù igi, à ń gbọ̀n ọ́n lórí táápólì. Ojú aṣọ náà ò kéré tó ti láàbù àmọ́ á yọ èyí tó ń ṣe bíi yanrìn kúrò. Kọ̀nkọ̀sọ̀ gàrí ò dá a o, ojú ẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ẹ wá bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ sáàárín ìka àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ bu ìkarahun sí ti ọwọ́ kejì, kẹ́ ẹ pa ojú dé kẹ́ ẹ máa fi ìka ra á. Tẹ́ ẹ bá ṣì mọ èwo lèwo torí pé ọ̀kan ń ha yín lọ́wọ́, ó padà sẹ́rọ nìyẹn. Èyí tí kò jọ̀ rárá, ẹ má dà á nù, ẹ dà á mọ́ yanrìn, yanrìn lòun náà.

Ẹ kó èyí tó jọ̀ sínú báàgì oní-nylon kẹ́ ẹ dì í, kí ọ̀rinrin má wọ̀ ọ́. Àǹfààní kan tó ní ju sìmẹ́ńtì lọ ni pé kì í le sínú báàgì, tó bá dì díẹ̀, ẹ fọwọ́ rún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó tà á fún ẹnikẹ́ni

Òṣùwọ̀n lẹ máa lò, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ìkarahun lílọ̀ àti sìmẹ́ńtì ò wúwo bákan náà.

Oríṣi mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ṣe. Àkọ́kọ́, sìmẹ́ńtì 20 kg, kò sí ìkarahun. Èkejì, sìmẹ́ńtì 19 kg, ìkarahun 1 kg, 5 nínú 100 nìyẹn. Ẹ̀kẹta, 18 àti 2. Ẹ̀kẹrin, 17 àti 3. Yanrìn 120 kg ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, yanrìn odò tó mọ́, láti orísun kan náà. Ẹ mọ búlọ́ọ̀kù mẹ́fà, oní-íńsì mẹ́fà, nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára wọn kẹ́ ẹ má bàa dàrú, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo wọn bákan náà. Mẹ́ta fún ọjọ́ keje, mẹ́ta fún ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ búlọ́ọ̀kù wò, ẹ̀ka civil engineering ní pólì tàbí yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ àṣejáde tiẹ̀ lè bá yín ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ẹ mú nọ́ńbà oríṣi àkọ́kọ́ bí ìpìlẹ̀. Oríṣi tó bá ṣì wà nítòsí ẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lẹ máa lò, èyí tó bá já wálẹ̀ gan-an ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ má fi ti ọjọ́ keje nìkan pinnu o. Ìkarahun máa ń jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù tètè gbéra díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nígbà míì, ẹ ó wá rò pé ẹ ti ríṣẹ́ ṣe, kó wá di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kí ti sìmẹ́ńtì lásán ti kọjá ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pípò

Ká sọ pé 10 nínú 100 lẹ mú. Báàgì sìmẹ́ńtì jẹ́ 50 kg. Ẹ bu 5 kg kúrò nínú ẹ̀, ẹ fi 5 kg ìkarahun dí i. Ó tún padà di 50. Mo rí ẹni tó da 5 kg lé odindi báàgì, tó wá fi yanrìn kún un pé sìmẹ́ńtì òun ti pọ̀ sí i. Ó ń tan ara ẹ̀ jẹ ni.

Ẹ kọ́kọ́ po sìmẹ́ńtì àti ìkarahun pọ̀ ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ tó fojú kan yanrìn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbí nìyí, torí tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan á gba ìkarahun pọ̀, apá kan ò ní rí. Ẹ rò ó títí àwọ̀ ẹ̀ á fi dọ́gba, tí ẹ ò ní rí ìlà funfun kankan nínú eérú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, yanrìn. Fún búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan sí mẹ́fà ni mò ń lò. Báàgì kan jẹ́ bíi 35 lítà, tó túmọ̀ sí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-20 lítà mẹ́wàá àbọ̀ lẹ máa wọn yanrìn sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe ọ̀kan sí méjìlá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ń ṣe, ẹ má wulẹ̀ fi ìkarahun sí i, sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ tó tẹ́lẹ̀.

Omi, ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Ìkarahun tó kúnná máa ń mu omi díẹ̀ sí i, ọmọ iṣẹ́ á fẹ́ rọ ọ́ lójijì kó lè rọrùn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, kó dúró bí ẹ ṣe fún un, kí ìka yín sì hàn lára ẹ̀, àmọ́ kí omi má kán. Tó bá tú ká, omi ò tó. Tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́, ó ti pọ̀ jù.

Fún rírẹ́ ògiri, bí ẹ ṣe po sìmẹ́ńtì àti ìkarahun ní gbígbẹ fún búlọ́ọ̀kù náà ni, ìkarahun máa ń jẹ́ kó yọ́ lójú tírówẹ̀lì, àwọn bíríkìlà fẹ́ràn ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: omi lẹ́yìn mímọ

Ẹ fi tápólì bò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí oòrùn má bàa gba omi inú ẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, omi àárọ̀ omi ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má tà á lọ́jọ́ kẹta torí oníbàárà ń pariwo. Sìmẹ́ńtì tó wà nínú ẹ̀ ti dín kù, èyí tó kù gbọ́dọ̀ rí omi mu tẹ́rùn.

Ìkarahun sísun ńkọ́?

Ẹnì kan á béèrè, ṣé kì í ṣe pé tí wọ́n bá sun ún ló máa ń le? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nǹkan míì ló máa ń dà. Tí iná bá tó bíi 900 °C, ìkarahun á tú èéfín tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀, 100 kg á di 56 kg péré, tó sun jiná dáadáa. Ẹfun gbígbóná, tí òyìnbó ń pè ní quicklime, la ní lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò: ẹ fún omi ọsàn sórí ìkarahun tí a ò sun, á hó ṣùùṣùù. Tó bá ti jiná dénú, kò ní hó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wá kán omi lásán sí i, á gbóná, á máa fọ́ fúnra ẹ̀, èéfín á máa rú.

Ohun yẹn ló kó mi sí wàhálà. Mo sun díẹ̀ nínú iná èédú, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láì kọ́kọ́ pa á lómi, mo fi rẹ́ fẹ́ǹsì oníbàárà kan. Ó dán, ó funfun, a yọ̀. Lẹ́yìn bí oṣù méjì ló bẹ̀rẹ̀ sí ta lára ògiri, ihò kéékèèké, nínú ìdí ihò kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí èérún funfun kan. Èyí tí omi ò kàn nígbà tí mò ń pò ó ni òjò wá ń kàn lára ògiri, ó ń wú, ó ń ti plástà jáde. Owó ara mi ni mo fi tún un rẹ́.

Torí náà tẹ́ ẹ bá máa sun ún, omi lẹ máa kọ́kọ́ kó sínú dúrọ́ọ̀mù irin, ẹ wá máa fi ìkarahun sísun sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé òkìtì ẹ̀ lórí, á bú sókè á sì bó èèyàn lójú. Gíláàsì ojú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ọmọdé jìnnà. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á di bí ògì tó dì, rírẹ́ ògiri ló dáa fún. Ẹ má sun ún nínú ilé, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń pa èèyàn láì rùn.

Nǹkan àtijọ́ sì ni o. Ní etí òkun Georgia, South Carolina àti Florida l'Amẹ́ríkà, àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń sun ìkarahun ọ́ísítà, wọ́n á po ẹfun ẹ̀ mọ́ yanrìn, omi àti odidi ìkarahun, wọ́n ń pè é ní tabby. Àwọn yàrá tí wọ́n fi kọ́ fún ara wọn lóko Kingsley ní Jacksonville, ògiri ẹ̀ ṣì dúró di òní. Kò sí sìmẹ́ńtì kankan nínú ẹ̀. Àmọ́ ògiri yẹn nípọn, ó gba àsìkò kó tó le, a ò ní irú sùúrù yẹn mọ́.

Ẹni tó bá ń rò ó nítorí èéfín tó ń gbóná ayé, ẹ má sun ún, nínú gbogbo 100 kg tẹ́ ẹ bá sun, 44 kg á lọ sójú ọ̀run yàtọ̀ sí èéfín èédú. Lílọ̀ nìkan ló ń dín nǹkan kù.

Ṣé ó pé?

Báàgì mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá lò ní 10 nínú 100, ẹyọ báàgì kan lẹ gbà padà. Ẹ nílò 50 kg tó ti jọ̀, ìyẹn bíi 60 kg tó ti mọ́ tó ti gbẹ, torí èyí tí kò jọ̀. Ẹ wá ṣírò owó ọkọ̀, owó omi, owó ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, owó ọmọ iṣẹ́ tó ń gbọn asẹ́ látàárọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó báàgì kan lónìí. Níbi tí mo wà, wọ́n ń fún mi ní ìkarahun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ oúnjẹ adìyẹ ò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó ń pé mi díẹ̀. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn tàbí Ọ̀ṣogbo tó máa háyà ọkọ̀ wá kó ìkarahun l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kó ra sìmẹ́ńtì ẹ̀ jàre.